Ẹja Ẹlẹ́yin Kan Ṣoṣo

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹja pípa. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni, ilé ló ti bá a. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láyé, ẹni tó bá ju àwọ̀n lẹ́ẹ̀kan péré ti rí èyí tí yóò sè, ó sì ti rí èyí tí yóò yan. Nígbà tó kan òun, ewé jíjẹrà àti ọ̀rá omi ni àwọ̀n ń gbé jáde. Abúlé apẹja di abúlé tó ń ra ṣáwá inú yìnyín lọ́wọ́ àwọn ará ìlú ńlá. Má wò ó pé mo ń rẹ́rìn-ín, ìtìjú gidi ni. Kí apẹja gbé abọ́ dání kó lọ ra ẹja!

Àwọn kan ní odò ti darúgbó. Àwọn kan ní ayé ló bàjẹ́. Ọkùnrin yìí kò bá wọn jiyàn. Ó mú àjẹ̀, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sókè odò kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Abúlé mẹ́rin ló wà lókè tiwọn. Ní èyí àkọ́kọ́, omi dúdú láti ẹbu tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa ń ṣàn wọnú odò, òórùn rẹ̀ kò ṣeé fara dà. Ní èkejì, wọ́n ti ro oko kan etí omi, wọ́n ti gé gbogbo ọparun àti ògùrọ̀ tó wà níbẹ̀, yẹ̀pẹ̀ sì ń ya sódò nígbàkígbà tí òjò bá rọ̀. Ní ẹ̀kẹta, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lóko ni wọ́n ń dà sómi láti fi pa ẹja. Ní ẹ̀kẹrin, ó bá àwọn ènìyàn tí wọ́n ń fi agbọ̀n kó àrọ̀ nínú koríko àbàtà.

Ìwọ náà mọ àrọ̀. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ tí omi sì kún bo koríko, àrọ̀ á kúrò nínú ibú, á gòkè wá yé ẹyin sí ibi tí omi kò jìn. Ikùn rẹ̀ á tóbi, ara rẹ̀ á wúwo, ọmọdé pàápàá lè fọwọ́ mú un. Kò sí ẹja tó dùn bí ẹja ẹlẹ́yin, ìyẹn náà ni kò sì jẹ́ kó pẹ́ láyé. Ọkùnrin náà ti la ẹnu láti bú àwọn elágbọ̀n yẹn kó tó rántí pé àwọn ará abúlé tòun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, iwájú wọn gan-an lòun sì máa ń wà.

Ó tó ọdún kan àbọ̀ tó fi ń lọ tó ń bọ̀ láàárín abúlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n lé e, ó padà wá. Wọ́n bú u, ó kí wọn. Ní abúlé kẹta, wọ́n tú ajá sí i, ó bọ́ sínú omi, ó lúwẹ̀ẹ́ dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún dé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: "Ẹ ṣe tiyín, àwa náà á ṣe tiwa. Ọjọ́ tí a bá kùnà tiwa, kí ẹ wá gba ọkọ̀ mi." Nígbà tó yá, ó sú wọn láti máa lé e. Abúlé márààrún jókòó pọ̀ sábẹ́ igi kan, wọ́n sì fẹnu kò.

Àwọn ẹlẹ́bu gbẹ́ kòtò fún omi wọn. Àwọn àgbẹ̀ fi ogójì ìṣísẹ̀ sílẹ̀ létí odò, tọkùnrin tobìnrin abúlé márààrún ló sì jọ gbin ọparun àti ògùrọ̀ síbẹ̀. Oògùn dópin. Èyí tó le jù ló kẹ́yìn: láti òjò àkọ́kọ́ títí di ìgbà iṣu titun, àwọ̀n kò gbọdọ̀ kan koríko àbàtà, agbọ̀n kò gbọdọ̀ kàn án, ìwọ̀ kò gbọdọ̀ kàn án. Kì báà ṣe ọba ló fẹ́ jẹ ẹ́.

Ọdún kìíní kọjá, wọn kò rí nǹkan kan. Ní ọdún kejì, epìyà wẹ́wẹ́ mélòó kan ni wọ́n rí, àwọn ènìyàn sì ń fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á kí i pé, "Bàbá Odò, ẹja ńkọ́?" Á sì dáhùn pé ó ń bọ̀. Ní ọdún kẹta, òjò àkọ́kọ́ rọ̀ mọ́jú, àwọn obìnrin tó lọ pọnmi sì sáré padà wálé láìpọn omi. Wọ́n ní koríko àbàtà ń mì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí afẹ́fẹ́. Gbogbo abúlé yà lọ síbẹ̀. Àrọ̀ ni. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí wọ́n ti rí i kó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Àwọn arúgbó ń nu ojú wọn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìdána ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà bí bọ́ sí. Abọ́sẹ̀dé lorúkọ ọmọ náà. Ìlú kan tó wà lókè pátápátá, tí kò sí nínú àdéhùn àwọn abúlé márùn-ún, ni ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti wá. Ní gbogbo etí odò yẹn, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àṣà kan wà: bí àna bá wá ṣe ìdána, ẹja ẹlẹ́yin ni bàbá ìyàwó yóò fi gbà wọ́n lálejò. Bí kò bá sí ẹyin nínú àwo, wọ́n á ní bàbá náà kò ka ọmọ rẹ̀ sí, tàbí kí wọ́n sọ èyí tó burú ju ìyẹn lọ.

Àwọn àgbà abúlé márààrún kò dúró kó wá bẹ̀ wọ́n. Àwọn fúnra wọn ló ránṣẹ́ sí i: "Mú ẹyọ kan. Ìwọ lo jìyà odò yìí, kò sẹ́ni tó máa wí nǹkan kan." Inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀tàn.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Abọ́sẹ̀dé, ẹ ti gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Ẹja kan péré ni. Ẹ̀yin lẹ wa ọkọ̀ títí èjìká yín fi ń dùn yín. Bí ẹja kan kò bá tọ́ sí yín nínú odò yìí, ta ló wá tọ́ sí? Ṣé ọmọ wa ló máa wá fojú winá rẹ̀ ni?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìdána, ó mú àwọ̀n, ó lọ.

Kò ju àwọ̀n náà lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ ló mú àrọ̀ kan tó gùn tó apá rẹ̀, ikùn rẹ̀ le gbandi. Ó gbé e mọ́ àyà. Inú rẹ̀ dùn, inú tèmi náà ì bá dùn. Nígbà tó máa yíjú sí etí omi, ó rí ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n dúró tì í.

Ẹni àkọ́kọ́ gbé àwọ̀n kọ́ èjìká. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ìyàwó mi bí ìbejì, ọ̀túnla la máa sọ wọ́n lórúkọ. Ẹ mú tiyín tán, èmi náà á mú kan péré."

"Ta ló ní kí o mú?"

"Bàbá, ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ń mú un yìí?"

Ẹnì kejì ní ìyá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn, ẹnu rẹ̀ sì ń fẹ́ ẹyin ẹja. Ẹnì kẹta kò tilẹ̀ ní ìdí kankan. Ó gbọ́ pé wọ́n ti ṣí odò ni ó fi gbé agbọ̀n wá.

Ọkùnrin náà dúró sínú omi pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́. Kì í ṣe òṣìkà ló wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó ní ìbejì yìí wà lára àwọn tó gbin ọparun, ó tilẹ̀ ṣe ju ìpín tirẹ̀ lọ. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ìyá aláìsàn. Ẹja kan kò sì lè ba odò jẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, imú ẹlẹ́dẹ̀ ọjọ́ náà sì ni òun.

Ó tẹ̀ bá omi, ó la ọwọ́, ó jẹ́ kí ẹja náà lọ. Ó gun òkè, ó ká àwọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Ẹni tó ní ìbejì kọ́kọ́ bínú, ó fi ẹsẹ̀ na ilẹ̀, àmọ́ ó tẹ̀ lé e. Ẹyin adìyẹ ni wọ́n fi ṣe ìsọmọlórúkọ náà, àwọn ọmọ náà sì ń jẹ́ orúkọ wọn títí dòní.

Ìdána wá dé. Iyán funfun, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ṣáwá. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú, ṣí àwo, ó wo inú rẹ̀, ó tún un dé.

"Ṣáwá! Létí odò! Ṣé ẹ ti mọ̀ pé ọmọ yín kò ní í bí ni ẹ kò fi fi ẹyin síwájú wa?"

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ níwájú wọn. Bàbá ìyàwó kì í kúnlẹ̀ fún àna, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin àna mi, ẹ má bínú. Ẹja ẹlẹ́yin wà nínú odò wa. Mo gbé e lọ́wọ́ láàárọ̀ àná, mo sì dá a padà. Kì í ṣe pé ọmọ mi kò tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé tó wà létí odò yìí ló ní ọmọbìnrin. Bí mo bá mú nítorí tèmi, ẹnu wo ni mo máa fi dá ẹlòmíràn dúró?"

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Obìnrin náà dìde, gbogbo wọn sì dìde tẹ̀ lé e. Wọ́n kó iṣu wọn, wọ́n kó orógbó àti oyin wọn, wọ́n padà sínú ọkọ̀. Ọkọ ìyàwó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Abọ́sẹ̀dé dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú gèlè lórí, ó ní, "Bàbá, ẹ fẹ́ràn odò jù mí lọ." Ọ̀rọ̀ náà wọ bàbá rẹ̀ lákínyẹmí ara. Ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sunkún, àgbàlagbà onírùngbọ̀n.

Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú àjẹ̀, ó lọ ṣọ́ àbàtà bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn abúlé yòókù gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí di ìgbà iṣu titun, kò sẹ́ni tó tún ránṣẹ́ pé kí wọ́n fún òun láyè. Àwọn tó tú ajá sí i nígbà kan ń wá bá a ṣọ́ odò ní ọjọ́ méjì méjì. Ọmọ rẹ̀ nìkan ni kò bá a sọ̀rọ̀. Ó ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n jẹ iṣu titun, wọ́n ṣí odò, àwọ̀n wúwo. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọkọ̀ kan gúnlẹ̀ láti òkè. Bàbá ọkọ ló wà nínú rẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yẹn. Bàbá náà kò jókòó kó tó sọ̀rọ̀.

"Àna mi, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ àrọ̀ ti kún iwájú ilé wa. Àwọn ọmọ wa ń bi wá pé kí ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá létí odò, kò mọ àrọ̀! Ojú tì mí. Ẹ sọ ohun tí ìlú tiwa gbọ́dọ̀ ṣe fún wa, a ó ṣe é. Kí ẹ sì jọ̀wọ́, kí ẹ jẹ́ ká mú ìyàwó wa lọ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tọrọ àforíjì. Ó kàn ní kí Abọ́sẹ̀dé fún òun lómi mu, nígbà tó sì mu ún tán, ó pè é ní ìyàwó mi.

Akínsúyì, mo ti parí ìtàn, ó wá kàn ọ́. O fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn odò wa, ọwọ́ rẹ ni mo rí i. O wá sọ́dọ̀ mi láàárọ̀ yìí pé òkú bàbá rẹ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé gàrí tí o fẹ́ ṣe pọ̀, pé kòtò tí o ń da omi ẹ̀gẹ́ sí ti kún, pé kí n jẹ́ kó máa ṣàn lọ sódò títí ẹ ó fi sin bàbá tán. O ní ìgbìmọ̀ ti gbà fún ọ, ó ku èmi tí odò wà níkàáwọ́ mi. Mo mọ̀ pé wọ́n gbà. Wọ́n fẹ́ràn bàbá rẹ, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ.

Kò sẹ́ni tó máa mú ọ. Bí o bá lọ ya omi ẹ̀gẹ́ yẹn sódò lónìí, a ó ṣì wá síbi òkú bàbá rẹ, a ó sì jẹun. Ṣùgbọ́n yíjú sẹ́yìn kí o tó ya á, kí o wo àwọn tó dúró létí omi. Ta nínú wọn ni kò ní òkú tí yóò sin?

Nítorí náà, èmi kò gbà. Kòtò kan ti kún, a ó gbẹ́ èkejì. Mo ti ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ mi méjèèjì, mo sì ti ní kí wọ́n sọ fún ìgbìmọ̀ tó mi orí gbà fún ọ pé kí wọ́n wá fi ọwọ́ gba ọkọ́. Lọ sílé, lọ sùn. Bí o bá jí lọ́la, inú kòtò ni wàá ti bá mi.