Ọgbọ́n Inú Aláǹtakùn

Nígbà láéláé, aláǹtakùn kò ní òwú kankan nínú ara rẹ̀. Iṣẹ́ ìhun nìkan ló mọ̀. Tó bá fẹ́ ta ìtàkùn, àfi kó lọ bá àwọn tó ti ṣe okùn sílẹ̀, àti kókó tó máa ń dún bí wọ́n bá kàn án, kó mú èyí tó wù ú, kó wá tò ó pọ̀.

Lókè igi àràbà kan ni Aláǹtakùn ń gbé. Ìyá Ìgbín ń gbé nísàlẹ̀ igi yẹn kan náà.

Ní ọdún kan, ọyẹ́ mú gan-an. Koríko gbẹ, ewé gbẹ, gbogbo ẹranko sì mọ̀ pé iná igbó kò ní pẹ́ dé. Àwọn tó lẹ́sẹ̀ kò janpata. Ìyá Ìgbín nìkan ni àyà rẹ̀ ń já.

Ó ké sí Aláǹtakùn. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ta ìtàkùn kan láti òkè lọ́dọ̀ rẹ wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Bí mo bá ti gbóòórùn èéfín, màá fi ìwo mi kan kókó rẹ̀. Bó bá ti dún, kí o wá fà mí gòkè. Bí mo bá ní kí n máa fàyà fà gun igi, iná á ti sè mí jinná."

"Ẹ má mikàn, Ìyá," ni Aláǹtakùn wí. "Ìtàkùn tí màá ta fún yín, ẹnu á yà yín tí ẹ bá rí i."

Aláǹtakùn ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe okùn. Ẹ̀gà ló kọ́kọ́ gbé agbọ̀n tirẹ̀ dé. Koríko ló fi hun gbogbo ohun tó wà níbẹ̀: okùn, igun, kókó ńlá, kókó kékeré. Ó fi ẹnu gbá kókó kan, ó dún gbàn-ìn!

"Kò sí ohun tí o máa wá nínú agbọ̀n mi tí o ò ní rí," ló wí. "Kí o ṣáà máa dárúkọ mi fáwọn èèyàn."

Kòkòrò Sányán náà fà wá jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbọ̀n tirẹ̀. Òwú tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dán, ó ń tàn. "Wo bó ṣe mọ́ tónítóní," ló wí. "Ta ló fẹ́ kí ilé òun rí játijàti bíi koríko?"

Bí ìjà ṣe bẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Aláǹtakùn dúró láàárín. Ó gbé ti Ẹ̀gà wò, ó lágbára, àmọ́ ó wúwo. Ó gbé ti Sányán wò, ó fúyẹ́, àmọ́ kò pé. Ọjọ́ kan kọjá, ọjọ́ méjì, ọjọ́ márùn-ún. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yin náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀ nídìí bàtà ọdún.

"Ẹ jẹ́ kí n fi ìwo mi kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wò," ni Ìyá Ìgbín wí.

"Ìyá, ẹ lọ sinmi," ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá a lóhùn. "Iṣẹ́ ọ̀mọ̀ràn lèyí."

Nígbà tó yá, Aláǹtakùn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun. Ó mú okùn Sányán, ó mú kókó Ẹ̀gà, ó so wọ́n pọ̀. Ó rẹwà, kí n má purọ́. Gbogbo igbó wá wò ó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, iná dé.

Ìyá Ìgbín na ìwo rẹ̀, ó kan kókó. Kò dún. Ẹnu ẹyẹ ni wọ́n ṣe kókó yẹn fún. Ìwo ìgbín rọ̀ jù fún un. Ó kàn án títí, ó fi orí gbá a, pàbó ni.

Èéfín ló jẹ́ kí Aláǹtakùn yọjú. "Ìyá, ẹ dì í mú! Mò ń fà yín bọ̀!" Ó fà á. Òwú tó ń dán yọ̀ kúrò lára koríko, gbogbo ìtàkùn sì já lé Ìyá Ìgbín lórí.

"Ìwọ ọmọ yìí!" ni Ìyá Ìgbín fi igbe ta. "Ọjọ́ márùn-ún lo fi ń wo agbọ̀n ẹlòmíì! Ọgbọ́n inú tìrẹ dà? Inú rẹ! Inú rẹ!"

Ẹ̀rù ti ba Aláǹtakùn débi pé kò gbọ́ "ọgbọ́n" rárá. Inú nìkan ló gbọ́. Ó fi ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tẹ inú ara rẹ̀, ó fún un. Àfi bí òwú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde! Ó tín-ín-rín, ó ń lẹ̀, ó sì yi. Ó sọ ọ́ sísàlẹ̀. Ìyá Ìgbín lẹ̀ mọ́ ọn, Aláǹtakùn fà á gòkè, iná sì gba abẹ́ wọn kọjá.

Nígbà tí ilẹ̀ tutù, Aláǹtakùn ta ìtàkùn tuntun. Kò pe ẹnikẹ́ni wá wò ó. Ìyá Ìgbín nìkan ló pè. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwo yín kàn án wò." Bó ṣe kàn án pẹ́rẹ́ báyìí, gbogbo ìtàkùn mì.

Láti ọjọ́ náà ni aláǹtakùn ti ń fa òwú láti inú ara rẹ̀. Bí eṣinṣin bá kó síbẹ̀, tó bá jẹ ẹ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ ebi. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìka kan ìtàkùn rẹ̀ wò, ẹ ó rí i tí yóò sáré jáde. Kì í ṣe pé ó fẹ́ bá yín jà. Ó rò pé Ìyá Ìgbín ló ń pe òun ni.