Nọ́ọ̀sì Wúràọlá àti Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Dán

Agbẹ̀bí kan wà ní ìlú Ayégúnlẹ̀-Odò tó ń jẹ́ Wúràọlá, àmọ́ Nọ́ọ̀sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì fi Pìjó àtijọ́ kan sílẹ̀ fún un. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe ti fàájì. Bí ìrọbí bá ti le ju agbára ilé ìwòsàn kékeré tó wà nílùú lọ, inú rẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì ń gbé aláboyún sí, tí yóò sì wà á fúnra rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní ìlú kejì. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú rẹ̀ lójú ọ̀nà tó mẹ́ta.

Bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ kò ní fẹ́ fi aṣọ funfun sún mọ́ ọn. Eruku pupa àti òróró dúdú ti lẹ̀ mọ́ irin ibẹ̀ bí èéfín ṣe ń lẹ̀ mọ́ àjà ilé ìdáná. Síbẹ̀, Nọ́ọ̀sì kì í ṣe ọ̀bùn. Ní oṣooṣù, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, á fi akísà gbígbẹ nu orí bátìrì àti àwọn wáyà, á wo omi, á wo òróró, á sì dé e padà. Ogún ọdún ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ náà kò sì já a kulẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Fọlárànmí, wọ ọkọ̀ èrò láti Ìbàdàn wá kí i. Ọmọlúàbí ni Fọlárànmí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìyìn ju oúnjẹ lọ. Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ìwòsàn ńlá nígbà náà, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti wo omi inú ọkọ̀, ni àbúrò rẹ̀ bá yọjú sí i.

“Háà, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ìyálọ́mọ ní ìmọ́tótó! Ẹ wo ohun tó wà nínú ọkọ̀ yín. Ojú ń tì mí o.”

“Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. “Mo mọ bí mo ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Má fọwọ́ kàn án.”

Ó wọlé, ó wẹ̀, ó sùn, nítorí kò tíì fojú kan oorun láti àná.

Bí oorun ṣe gbé e lọ ni Fọlárànmí lọ yá ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi lọ́wọ́ àwọn tó ń fọ mọ́tò lẹ́bàá títì. Kò dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù. Kò yọ orí bátìrì, kò sì fi láílọ́ọ̀nù bo ibikíbi tí iná ń gbà kọjá. Ó da kẹrosíìnì àti omi ọṣẹ sí i, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, ó wá kọjú ẹ̀rọ sí i, omi ń ya gbàà bí òjò oníjì. Àwọn tó ń kọjá dúró wòran. Nígbà tí irin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mànà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Orí rẹ̀ wú.

Kò pẹ́ ni Ọládèjọ àgbẹ̀ sáré wọlé, kò wọ bàtà. “Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí o! Ìbídùn ìyàwó mi bímọ tán, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn yín. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti kọjá agbára àwọn!”

Nọ́ọ̀sì fò dìde, ó kó sínú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì kérora díẹ̀, ó dákẹ́. Ó tún un yí. Ó tún dákẹ́. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gbogbo rẹ̀ ń dán bí abọ́ tuntun, omi sì ń kán tó, tó, tó sílẹ̀.

“Ta ló fọ èyí?”

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ kí inú yín dùn ni.”

Nọ́ọ̀sì sáré bọ́ sí títì, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ọkọ̀ ńlá kan tó kó yanrìn. Awakọ̀ náà yà sí ilé ìwòsàn kékeré, orí yanrìn yẹn ni wọ́n sì tẹ́ ẹní sí fún Ìbídùn. Orí rẹ̀ náà ni Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ sí, tó ń fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, tí ọkọ̀ ń gbé wọn sọ sókè sódò títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn ńlá. Ìbídùn yè, ọmọ rẹ̀ náà yè, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni wọ́n fi dá ẹ̀mí rẹ̀ dúró.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì padà dé lọ́jọ́ kejì, Fọlárànmí ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọkọ̀ náà ti gbó, ìdọ̀tí ti jẹ ẹ́ tán kí òun tó dé. Bàbá Ajíbóyè, tó dàgbà jù lọ ládùúgbò, wá pẹ̀tù sí i.

“Ẹ má bínú, Nọ́ọ̀sì. Ó ṣáà gbìyànjú.”

Nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pe Múfú, mẹkáníìkì rẹ̀. Múfú tú ìdérí kékeré tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, ó ní kí Bàbá Ajíbóyè tẹ́wọ́, ó sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i. Omi ni, ó ń hó ìfófó ọṣẹ.

“Bàbá, ìdọ̀tí kò débí,” ni Múfú wí. “Omi yìí ló pa iná.”

Ìgbà náà ni Nọ́ọ̀sì tó lanu. “Ìyànjú wo ló gbà? Mo ní kó má fọwọ́ kàn án! Bó bá fẹ́ fọ̀ ọ́ dandan, ṣé kò lè bi mí? Ǹ bá ní kó jẹ́ kó tutù, kó fi láílọ́ọ̀nù di ibi iná, kó fi akísà rírin nu ìyókù. Obìnrin ń kú lọ lórí yanrìn, ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún irin! Fọlárànmí, ọkọ̀ mi kọ́ lo fọ̀. Orúkọ ara rẹ lò ń fọ̀!”

Fọlárànmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ̀gbọ́n mi, mo jẹ̀bi.”

“Èmi kọ́ ni wàá dọ̀bálẹ̀ fún. Lọ bá Ìbídùn.”

Ó lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá, ó rojọ́ títí. Ìbídùn tẹjú mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. Ó ní, “Ṣé ó dán dáadáa?” Fọlárànmí dìde, ó jáde, kò sì lè wojú ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ torí ìyìn tún ohun tó ń ṣiṣẹ́ ṣe, tí kò bi ẹni tó ni ín léèrè, àwọn àgbà Ayégúnlẹ̀-Odò a dá a dúró, wọn a sì pa á lówe fún un pé: ìdọ̀tí ogún ọdún kò pa ẹ́ńjìnnì, omi ìfọ̀ ọjọ́ kan ló pa á.