Ẹ̀gà, Ọ̀yà àti Òrùlé Adìẹ Opó

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi balẹ̀, kò bà lé ọba, kò bà lé ìjòyè. Ó bà lé Adìẹ opó.

Ní ayé àtijọ́, Adìẹ, Ẹ̀gà àti Ọ̀yà gba Jésù gbọ́. Àkùkọ, ọkọ Adìẹ, ló máa ń kọ ní ìdájí láti pè wọ́n sí àdúrà. Nígbà tí Àkùkọ kú, kò sí ẹni tó ń pè wọ́n jọ mọ́. Ìjà bá dé.

Ẹ̀gà ní, "Ẹni tí kò bá pariwo kò tíì gbàdúrà."

Ọ̀yà ní, "Ọlọ́run kì í ṣe adití, ìwọ ẹlẹ́nu má-dákẹ́."

Ẹ̀gà kó lọ sórí ọ̀pẹ. Ọ̀yà kó lọ sínú koríko. Wọn kò kí ara wọn mọ́.

Ní ọjọ́ kan, ìjì ṣí òrùlé Adìẹ lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì hu ìyẹ́. Òjò sì ṣú. Bí òjò bá pa wọ́n, wọn yóò kú. Adìẹ fi orin bẹ̀bẹ̀. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ̀gà òkè, bá mi bolé o,
*Òjò ń bọ̀.*
Ọ̀yà ilẹ̀, bá mi bolé o,
*Òjò ń bọ̀.*
Ọmọ ò níyẹ̀ẹ́, bá mi bolé o,
*Òjò ń bọ̀.*

Ẹ̀gà gbọ́, ó gbé koríko wá. Ẹ mọ̀ pé ẹni méjì ní ń bo ilé koríko: ẹni òkè a ki abẹ́rẹ́ ọparun gba inú koríko wọlé tòun ti okùn, ẹni inú ilé a dá a padà sókè. Ẹ̀gà nìkan ló wá. Ó ki abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ já bọ́ sínú ilé. Ó fò wálẹ̀, ó mú un, ó fò gòkè. Abẹ́rẹ́ tún já bọ́. Koríko ń yọ̀ dànù.

Adìẹ tún kọrin. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ẹ̀gà ki abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Abẹ́rẹ́ kò já bọ́. Ó yọrí padà sókè, tòun ti okùn.

Ẹ̀gà ní, "Ta ló wà nísàlẹ̀?"

Kò sí ìdáhùn.

Ẹ̀gà ní, "Ọ̀yà ni. Òun nìkan ló lè dákẹ́ báyìí."

Ọ̀yà ní, "Fa okùn, jàre. Ọmọ ń gbọ̀n."

Ẹ̀gà fà, Ọ̀yà fà, ilé bò. Òjò dé, ó rọ̀ títí. Kò kán sí ọmọ kankan lára.

Adìẹ ní kí wọ́n jọ dúpẹ́. Ẹ̀gà pariwo bí ìṣe rẹ̀. Ọ̀yà panu mọ́ bí ìṣe rẹ̀.

Ẹ̀gà bi í pé, "Ṣé o ti parí?"

Ọ̀yà ní, "Ó ti pẹ́. Ìwọ ni mo ń dúró dè."

Wọ́n jọ ṣe àmín lẹ́ẹ̀kan náà.

Adìẹ mí kanlẹ̀. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí bàbá àwọn ọmọ yìí ti kú, n kò gbọ́ irú àmín yìí."

Ẹ̀yin onígbàgbọ́, ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí: àdúrà wa lè má dọ́gba, àmọ́ okùn kan náà ni a jọ ń fà.

Ààlọ́ mi ti wọlé, òjò kò pa á. Ibẹ̀ ni ó já sí.