Ẹkùn Tí Aràn Wọ̀ Lójú

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi ta pàtì, ó bọ́ sójú Ẹkùn. Ẹ bá mi gbe orin inú rẹ̀ dáadáa o, ohùn tèmi dà bíi ti ọ̀pọ̀lọ́.

Eṣinṣin tó ń lá omijé ló kó aràn sí Ẹkùn lójú. Ojú wú, ìpin bò ó, kò ríran mọ́, ebi sì ń pa àwọn ọmọ rẹ̀. Ó fò mọ́ ìgalà, kùkùté ni. Ó fò mọ́ etu, òkìtì ọ̀gán ni. Ó fò mọ́ ẹlẹ́dẹ̀ igbó, ni ìyàwó rẹ̀ bá ké pé, "Yéè! Baálé mi, èmi nìyí!"

Ẹkùn jókòó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi ara rẹ̀ kọrin:

Mo pa kùkùté o,
*Ọdẹ ńlá!*
Mo pa ọ̀gán o,
*Ọdẹ ńlá!*
Ó ku díẹ̀ kí n pa ìyá ọmọ mi,
*Ọdẹ ńlá!*

Ìjímèrè gbọ́ orin náà lórí igi, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rù fi kúrò lára rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi èékánná fa àwọn aràn funfun náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹkùn ṣẹ́jú. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, o ṣeun. Ṣùgbọ́n tètè gun igi rẹ padà. Mo ti ń rí ọ, o sì sanra."

Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ lọ bi Ìjímèrè. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ láti ọjọ́ náà.