Ilà Mẹ́fà Lára Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì

Ní abúlé Òkè-Ìrorò, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbin kòkó, opó kan wà tí wọ́n ń pè ní Léà Àwẹ̀ró. Ọdún tí ogun Jámánì parí ni ọkọ rẹ̀ kú. Ọkùnrin náà rin ìrìn ọjọ́ méjì lọ wá èso kòkó. Ó gbé e délé nínú agbọ̀n pẹ̀lú ikọ́ àti ibà, àrùn lukuluku tó ń pa ènìyàn káàkiri ayé nígbà náà kò sì jẹ́ kí ó lò ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, Àwẹ̀ró fọ́ àwọn èso náà, ó gbin hóró wọn sínú agbọ̀n kéékèèké tó fi imọ̀ ọ̀pẹ hun, ó sì ń fi igbá bomi rin wọ́n ní òròòwúrọ̀ jálẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Nígbà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, igba ọmọ kòkó ló dúró lábẹ́ ibòji lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ó kù kí Gídíónì, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, gbẹ́ ihò, kí ó kó wọn lọ sóko.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ kòkó ní láti mọ nǹkan méjì. Ọmọ kòkó kì í pẹ́ nínú agbọ̀n; bí òjò bá dá kí a tó gbìn ín sóko, gbòǹgbò rẹ̀ yóò lọ́ mọ́ ara wọn, yóò sì kú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá gbin kòkó lónìí, ó di bí ọdún márùn-ún kí ó tó ká a. Kòkó kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò retí ọ̀la.

Ọ̀la yìí gan-an ni Tíṣà Sílà Oyèékàn sọ pé kò sí mọ́.

Tíṣà Oyèékàn ló ń bójú tó ìjọ kékeré tó wà ní abúlé náà. Onínúure ènìyàn ni, ó sì mọ̀wé. Àrùn tó pa ọkọ Àwẹ̀ró ló mú ìyàwó Tíṣà àti ọmọbìnrin rẹ̀ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Láti ìgbà náà, ìwé Ìfihàn nìkan ló ń kọ́ àwọn àgbà ní kíláàsì ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Ìwé ìròyìn tí rélùwéè ń gbé wá láti Èkó a máa pẹ́ tó oṣù kan kí ó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n yóò tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì, yóò máa wo ọ̀tún, yóò máa wo òsì. Ìfihàn sọ nípa ìwé kan tí a fi èdìdì méje dì, tí a ń tú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí Tíṣà bá ti rí ìròyìn tó bá èdìdì kan mu, yóò fi ẹfun fa ilà kan sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fa ọ̀kan nítorí àwọn ọba tó ń ṣẹ́gun, ọ̀kan nítorí ogun, ọ̀kan nítorí ọ̀wọ́n iyọ̀ àti oúnjẹ, ọ̀kan nítorí àjàkálẹ̀ àrùn, ọ̀kan nítorí àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n pa ní ilẹ̀ òkèèrè.

Ó ti di ilà márùn-ún. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, oòrùn ṣókùnkùn lójú gbogbo ayé, bí Ìfihàn ṣe sọ nípa èdìdì kẹfà. Àwọn adìyẹ wọlé sùn. Kò pẹ́ tí ilẹ̀ tún fi mọ́, ṣùgbọ́n kí àwọn adìyẹ tó jáde padà, Tíṣà ti fa ilà kẹfà.

"Ẹ pa Bíbélì yín dé," ló wí fún kíláàsì lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. "Èyí tó kù, ojú la ó fi rí i."

Ní ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró bá ọkọ́ lára ògiri níbi tí wọ́n máa ń gbé e kọ́ sí, ó sì bá Gídíónì lórí ẹní.

"Gídíónì, òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ihò mélòó lo gbẹ́?"

"Mọ́kànlá, Ìyá mi."

"Mọ́kànlá nínú igba?"

"Ìyá mi, Tíṣà ní a kò ní rí òpin ọdún yìí. Kòkó yóò sì lo ọdún márùn-ún. Ta ni yóò wá ká a? Ṣé àwọn áńgẹ́lì ni?"

"Bí àwọn áńgẹ́lì bá fẹ́ràn kòkó, wọn ò tíì sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ìwọ ṣì ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Àbí iyán kò sí lára ohun tó fẹ́ parí ni?"

Gídíónì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dìde. "Ẹ má bínú, Ìyá mi. Ọwọ́ mi ló kọ̀ ọ́. Bí mo bá ti gbé ọkọ́, ilà mẹ́fà yẹn ni mò ń rí."

Àwẹ̀ró fi í sílẹ̀ lórí ẹní. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó gbé agbọ̀n kan sókè. Gbòǹgbò ti ń yọ nídìí rẹ̀, ewé méjì sì ti ń pọ́n. Iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ fi ẹ̀mí rẹ̀ gbé délé ló fẹ́ kú sínú agbọ̀n yìí.

Àwẹ̀ró ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí ó tó mú ìwé ABD lọ́wọ́, Tíṣà fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ọ. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ a máa fi bí ó ṣe ń kàwé díẹ̀díẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ pé, "Ìyá Léà, ṣé Nóà ti wọ ọkọ̀, àbí ó ṣì ń wá pákó?" Òun náà a dá wọn lóhùn pé, "Ẹ̀yin ló ń dúró dè. Ẹ̀yin ni ẹranko tó kù." Nítorí pé kò lè yára kàwé, kì í fo ọ̀rọ̀ kankan. Ìka rẹ̀ a máa tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ bí ẹni tó ń ṣa èkùrọ́.

Lọ́sẹ̀ náà, ó jókòó ti àwọn ọmọ kòkó, ó ṣí ìwé Ìfihàn, ó ní kí òun fi ojú ara òun rí èdìdì keje. Orí kẹfà parí sórí èdìdì kẹfà. Ó ṣí orí keje, kò rí i níbẹ̀. Ó tutọ́ sí ìka, ó wò ó bóyá ewé ìwé méjì lẹ̀ pọ̀. Ewé kankan kò lẹ̀. Nígbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi kà á.

Nígbà tí kíláàsì tún pé, Tíṣà dúró níwájú ògiri, ó na ọwọ́ sí àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà kẹfà. Àwẹ̀ró na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Mo wá èje títí, n kò rí i."

Àwọn ará kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Léà," ni Tíṣà wí, "kí ló tún lè wà lẹ́yìn ẹ̀fà, bí kò ṣe èje? Ọmọ tó ń ka ení, èjì pàápàá mọ̀ ọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ lèmi náà rò. Ṣùgbọ́n odidi orí kan ló dábùú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín."

Tíṣà wo ilẹ̀. Ó mi orí pé kí ó kà á.

Àwẹ̀ró kà á ní wúnrẹn-wúnrẹn. Àwọn tó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín tẹ́ etí sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé áńgẹ́lì mẹ́rin di ẹ̀fúùfù ayé mú, pé òmíràn ké sí wọn kí wọ́n má tíì pa ilẹ̀ lára, kí wọ́n má tíì pa òkun tàbí igi lára. Nígbà tó pe igi, Gídíónì gbé orí sókè. Wọ́n gbọ́ nípa ogunlọ́gọ̀ ènìyàn láti inú gbogbo ẹ̀yà, tí kò sí ẹni tó lè kà wọ́n. Àwẹ̀ró sinmi, ó mu omi, ó tún fi ìka sí i. Ó dé ìparí orí náà, níbi tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti ń nu omijé ojú wọn.

Tíṣà ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

"Mo mọ ibẹ̀, Ìyá," ló wí jẹ́jẹ́. "Òun ni mo kà níbi ìsìnkú ìyàwó mi àti ọmọ mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fò ó. Mo rò pé bí mo bá tètè ka èje, n óò tètè rí wọn."

Àwẹ̀ró pa Bíbélì dé, ṣùgbọ́n ó fi ìka rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ewé. "Wọ́n wà lára àwọn tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, Tíṣà. Bàbá Gídíónì náà wà níbẹ̀. Bí àwọn áńgẹ́lì bá di ẹ̀fúùfù mú nítorí igi, ṣé àwa ni ká jẹ́ kí igi kú?"

Tíṣà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó dìde, ó kọjú sí kíláàsì.

"Olúwa yóò dé," ló wí. "N kò kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ. Ìṣirò mi ni mo kó jẹ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró wo ara ògiri, kò rí ọkọ́. Nígbà tó dé oko pẹ̀lú agbọ̀n àkọ́kọ́ lórí, Gídíónì ti gbẹ́ ihò tó tó ogójì, Tíṣà sì ń gbẹ́ tirẹ̀ nítòsí pẹ̀lú òógùn lójú.

"Tíṣà, ihò yín ti wọ́ o!" ni Gídíónì ń ké.

"Kọ́ mi bí mo ṣe kọ́ ìyá rẹ," ni Tíṣà dáhùn. "Mo lè pẹ́, ṣùgbọ́n n óò mọ̀ ọ́n."

Mẹ́tàlélógún nínú àwọn ọmọ kòkó náà kú. Àwọn tó kù mú ilẹ̀, Àwẹ̀ró sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká èso àkọ́kọ́ wọn. Ilà mẹ́fà náà wà lára ògiri títí tí wọ́n fi tún ṣọ́ọ̀ṣì kọ́. Ẹnikẹ́ni kò fa ìkeje. Ìdí rẹ̀ nìyí tó fi jẹ́ pé, bí ẹnìkan bá ti ṣírò ọ̀la tán lórí ìka ọwọ́ rẹ̀, àwọn àgbà abúlé náà a rán an létí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.