Àwọn Ẹní Àgbàlá Ògúnmọ́dẹdé

Ògúnmọ́dẹdé ń fa ẹní ya. Ó ti ya mẹ́ta kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó rí i.

Ọ̀kan nínú wọn pariwo: "Ẹ wá wò ó o! Baba ti ya wèrè!"

Ibẹ̀ ni òwe yìí ti ṣẹ̀: "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè." Gbogbo wa là ń pa á. Ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀? Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́.

Kànga ìlú jìn, àpáta ló yí i ká nínú. Igbá àti ìkòkò ń fọ́ mọ́ ọn kí wọ́n tó gòkè. Ẹ̀ẹ̀rùn sì mú. Ògúnmọ́dẹdé, olórí alágbẹ̀dẹ, sọ fún ọba pé òun yóò kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jọ láti wá ohun tí a ó fi fa omi.

"Bí ó bá di ọjọ́ ọjà tí omi kò jáde, Kábíyèsí, ẹ má pè mí ní àgbà mọ́. Ẹ pè mí ní wèrè."

Wọ́n pé sí àgbàlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ní àṣírí. Alágbẹ̀dẹ kì í jẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà wo ọwọ́ òun. Ògúnmọ́dẹdé fúnra rẹ̀ ló ri òpó mọ́lẹ̀, tó so ẹní mọ́ wọn láti fi pààlà sáàárín wọn. Wọ́n ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Korobá igi ń léfòó, kò gbomi. Korobá irin wúwo, ó ń já okùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, Àwẹ̀ró tó ń ṣe okùn wá bá a.

"Baba, okùn mẹ́fà ni irin yín ti já. Èmi nìkan ni mò ń wọ ẹ̀yìn gbogbo ẹní. Igi ń léfòó, irin ń rì. Ta ló ní kí wọ́n má ríra?"

"Èmi ni," Baba dáhùn.

"Ẹ fi òrùka irin kan sí etí korobá igi, lápá kan ṣoṣo. Yóò fẹ̀gbẹ́ gbomi."

Ìgbà náà ni Baba dìde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn ẹní ya.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, alágbẹ̀dẹ àti gbẹ́nàgbẹ́nà ti jọ fi òrùka irin sí etí korobá igi kan, wọ́n sì ti sọ ọ́ sí kànga. Ó fẹ̀gbẹ́, ó gbomi. Ó lu àpáta bí wọ́n ṣe ń fà á bọ̀, kò fọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ pariwo dọ̀bálẹ̀.

"Baba, ẹ má bínú. A ò tíì pè yín ní wèrè."

"Ẹ ti pè mí. Ọgbọ́n Àwẹ̀ró ni kò jẹ́ kó mọ́ mi lórí."

Àwọn àgbà ń pa òwe yìí nígbà tí olórí bá fẹ́ dá ọ̀ràn gbé, tàbí tí ó bá fẹ́ kọ ìmọ̀ràn nítorí ẹni tó mú un wá. Ihò òpó tí wọ́n so ẹní mọ́ ṣì wà ní àgbàlá náà. Mẹ́jọ ni.