Fadérera àti Òkú Aláṣọ Funfun

"Ẹni tó rí òkú tí kò kí i, iṣẹ́ ló ń ṣe." Àwọn tó ń pa òwe yìí pọ̀, àwọn tó mọ ìdí rẹ̀ kò tó nǹkan. Ta ló ń kí òkú? Ẹni tó bá sì rí òkú, ṣé ìkíni ló kàn án ni, àbí eré sísá? Ẹni tó bá ní òwe ayé ogun ni, ẹ ní kó lọ jókòó. Ilé tí wọ́n ti ń ya eré tẹlifíṣàn ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti wá, láyé tí àwòrán ṣì jẹ́ dúdú àti funfun.

Fadérera, ọmọ Ìkìrun, ló ṣẹlẹ̀ sí. Ọdún mẹ́ta ló ti ń bá àwọn òyìnbó ṣeré, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni ayé mọ̀: kó gbé àwo kọjá, kó ti ilẹ̀kùn, kó panu mọ́. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, eré kan nípa ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì ni wọ́n ń yà. Ọ̀kan wà láàyè. Èkejì ti kú, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò lọ. Ó wọ kóòtù funfun, ó ń tọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kiri láti bá a mú ọ̀daràn. Ọ̀rẹ́ yìí nìkan ló ń rí i. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí i, kò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Bénétì, ọ̀gá tó ń darí eré, pe Fadérera. "Gbé tíì wọlé, gbé e fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, gba ilẹ̀kùn kejì jáde. Bí o bá ṣe é re, ipa tó ń sọ̀rọ̀ ń dúró dè ọ́. Bí o bá bà á jẹ́, ẹlòmíràn wà lẹ́nu ọ̀nà."

Ọ̀gbẹ́ni Wíkísì tó ń ṣe òkú ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Wọ́n fi pọ́dà kùn ún lójú bí ẹní kun ògiri. Bí Fadérera ṣe wọlé báyìí, pọ́dà kó sí òkú nímú, òkú sín.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà," ni Fadérera wí.

"Ẹ dúró!" Bénétì fò dìde. "Ta lò ń kí?"

"Bàbá yẹn ni, sà. Wọ́n sín."

"Ó ti kú!"

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n sín."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi Bénétì. Wọ́n tún un ṣe. Òkú ò sín mọ́, ṣùgbọ́n ó pàdé Fadérera ní kòńgẹ́, ni orúnkún ọmọ Ìkìrun bá kanlẹ̀ kí òun alára tó mọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan ló kù," ni Bénétì wí. "Tún kí òkú, ilé ló yá."

Fadérera di eyín pọ̀, ó tún gbé tíì wọlé. Wáyà iná kan wà nílẹ̀, òkú kò rí i. Gbì! Bàbá nà gbalaja sójú ọ̀nà rẹ̀. Bénétì ò dá wọn dúró. Fíìmù ń yí lọ. "Pẹ̀lẹ́" dé ètè Fadérera, ó gbé e mì. Ó gbẹ́sẹ̀, ó dá bàbá kọjá, ó gbé tíì fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́.

Ìgbà náà ló tó mọ ohun tó ṣe. Háà! Ó dá àgbàlagbà kọjá! Nílé, ẹni tó bá dá ènìyàn kọjá gbọ́dọ̀ dá a padà, kí ibi má bàa bá onítọ̀hún. Bó bá sì wo bàbá nílẹ̀ báyìí, iṣẹ́ ti lọ. Ni ó bá gbójú sókè, ó pòṣé. "Ṣúgà! Mo ti gbàgbé ṣúgà!" Ó yí padà, ó dá bàbá kọjá padà wẹ́rẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ dúró!" Omi ẹ̀rín bọ́ lójú Bénétì. "Òkú nà gbalaja, ṣúgà ló ń wá! Ẹ kọ ọ̀rọ̀ fún obìnrin yìí!"

Fadérera ti sáré padà, ó ti kúnlẹ̀ ti bàbá. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Wíkísì di ọrùn ẹsẹ̀ mú. "O rí mi nílẹ̀, o dá mi kọjá lẹ́ẹ̀mejì?"

"Mo rí yín, sà. Àtàárọ̀ ni mo ti ń rí yín. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

Nígbà tó ròyìn fún àwọn ará wa tí wọ́n jọ ń gbé, wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di òwe. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ rẹ bá kọjá lára rẹ lẹ́nu iṣẹ́, tó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí, má gbé ìjà lọ ilé rẹ̀. Ẹni tó rí òkú tí kò kí i, iṣẹ́ ló ń ṣe.